Ọkọ́, Ọkọ̀, Ọkọ: Orin Tí Àǹtí Rẹ̀mí Fi Kọ́ Wa

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Ìjẹmọ̀, tí irun orí mi ń jẹ́ ṣùkú lọ́sẹ̀ yìí, tí ó ń jẹ́ kọ̀lẹ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ Sátidé ni olórí gbogbo ọjọ́ lójú mi. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà ní Abẹ́òkúta nígbà náà, ẹ kò lè gbàgbé bí Sátidé ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Ariwo ìgbálẹ̀ ni yóò jí ọ. Agbolé tó bá pẹ́ kí ó tó gbálẹ̀, ojú ọ̀lẹ ni gbogbo àdúgbò fi ń wò ó, ìyá mi kò sì ní gbà kí a fi ojú ọ̀lẹ wo òun nítorí ọmọ tó ń sùn. Lẹ́yìn ìgbálẹ̀ ni omi. A ó to garawa sẹ́nu ẹ̀rọ, a ó sì lọ máa ṣe eré tẹ́ń-tẹ́ń lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí yóò fi kàn wá. Bí ìjà bá dé lórí ẹni tó kàn, garawa ni ó máa ń kọ́kọ́ fara gbá a. Ọ̀pọ̀ garawa ilé wa ni kò létí mọ́.

Ẹ̀kọ inú ewé àti àkàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú epo ni à ń jẹ láàárọ̀. Lálẹ́, láfún ni, nítorí ọmọ Ẹ̀gbá ni wá. Ẹni tó bá ní láfún ti sú òun, ó ti sọ̀rọ̀ àlejò. Láàárín méjèèjì ni iṣẹ́ wà. Àdìrẹ ni ìyá mi ń tà ní ọjà Ìtòkú, èmi ni mo sì máa ń bá a de aṣọ kí ó tó lọ sínú aró. A ó di òkúta wẹ́wẹ́ sínú aṣọ funfun, a ó fi ìko yí i ká, a ó fà á le. Bí mo bá fi ọwọ́ dẹngbẹrẹ dè é, tí aró wọ ibi tí kò yẹ kó wọ̀, ìkúnlẹ̀ dé nìyẹn, ọwọ́ méjèèjì lókè, ojú sí ògiri. Ìyá mi ní ọ̀rọ̀ kan tó máa ń sọ sí mi létí lórí ìkúnlẹ̀ yẹn: "Ohun tí a kò bá fara balẹ̀ dè, ìtìjú ni yóò tú u." N kò mọ̀ nígbà náà pé orin pàápàá wà nínú ohun tí à ń dè.

Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti rọlẹ̀ díẹ̀ ní Sátidé, kò sí iṣẹ́ tó lè dì mí mú mọ́. Mo ti wẹ̀, mo ti fi ìpara pa ẹsẹ̀, mo ti ń sáré lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí akọrin ni mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: akọrin ni mí. Kí Àǹtí Rẹ̀mí tó dé, àwọn ọkùnrin àti àwọn ọmọkùnrin nìkan ní ń wọ aṣọ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Iṣẹ́ tiwa ọmọbìnrin ni ká jókòó jẹ́ẹ́, ká fa aṣọ bo orúnkún, ká sì máa wo àwọn àbúrò wa ọkùnrin, tí a jọ jà nídìí ẹ̀rọ lánàá, bí wọ́n ṣe ń fi ọlá wọlé.

Tíṣà ni Àǹtí Rẹ̀mí ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nínú ìlú. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kẹ̀kẹ́ ni ó ń gùn, bí ó bá sì ń bọ̀ lọ́nà, ẹ ó ti gbọ́ orin ẹnu rẹ̀ kí ẹ tó gbọ́ aago kẹ̀kẹ́. Kò tíì lọ́kọ. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí àwọn kan nínú ìjọ kò jẹ́ kó kúrò lọ́kàn tiwọn. Òun ló lọ bá alùfáà pé kí wọ́n jẹ́ kí òun kó àwọn ọmọbìnrin jọ, kí òun máa kọ́ wọn lórin. Alùfáà gbà. Bàbá Ìjọ, àgbà tí ẹnu rẹ̀ tólẹ̀ jù nínú ìjọ wa, kò fi bẹ́ẹ̀ gbà, ṣùgbọ́n kò kọ̀. Ó ní òun ń wò wá.

Ẹni tó bá rò pé orin nìkan ló kọ́ wa, kò mọ Àǹtí Rẹ̀mí. Kí a tó la ẹnu rárá, ó ti kọ́ wa bí ọmọbìnrin ṣe ń dúró. "Ẹ gbórí sókè, orin ò sí nílẹ̀ tí ẹ̀ ń wò." Bọ́láńlé, ọ̀rẹ́ mi tí ilé wọn kọjú sí tiwa, kò mọ ìwé kà nígbà tó wọ ẹgbẹ́. Bó ṣe ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ inú ìwé orin lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni lẹ́tà ń di ọ̀rọ̀ lójú rẹ̀, kò sì pẹ́ tó fi ń ka gbogbo ìkéde ara ògiri sí wa létí, títí a fi bẹ̀ ẹ́ pé kó sinmi. Bí orin bá mẹ́nu ba Rúùtù, Àǹtí yóò pa orin tì, yóò sọ ìtàn Rúùtù àti ọ̀nà jíjìn tó rìn, yóò wá bi wá lọ́kọ̀ọ̀kan pé, "Ìwọ ńkọ́, níbo lò ń lọ ní tìẹ?" Ẹnì kan á ní òun fẹ́ di nọ́ọ̀sì, ẹnì kan á ní tíṣà. Èmi ní mo fẹ́ ta àdìrẹ bí ìyá mi. Ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí n mọ ìṣirò dáadáa kí ẹnikẹ́ni má baà rẹ́ mi jẹ. Kò sí àgbàlagbà kankan tó ti bi mí ní irú ìbéèrè yẹn rí. Mo gbé e délé, mo gbé e sùn, mo sì gbé e jí.

Nígbà tí Ọjọ́ Àìkú Àwọn Ìyá ń bọ̀, Àǹtí fúnra rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ orin kan fún wa. Ọkọ̀ ìgbàlà ni orin náà dá lé, ọkọ̀ tí yóò gúnlẹ̀ sétí odò láti gbé ẹni tó bá ti múra sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ báyìí:

Ọkọ̀ mi ti dé, mo ti ṣe tán,
N ó bá a lọ, n kò ní wẹ̀yìn.

Àmọ́ ohùn tí a fi ń kọ ọ́ kì í ṣe tirẹ̀. Ọ̀gá tó ń tẹ dùùrù ló mú un láti inú ìwé orin òyìnbó kan, ohùn tó dùn gan-an, tó ń lọ gbọọrọ. Àǹtí ki ọ̀rọ̀ rẹ̀ bọ inú rẹ̀, ó sì ṣe rẹ́gí, sílébù fún sílébù. Èmi ni wọ́n mú pé kí n máa lé e. Ohùn mi nípọn nígbà náà, àwọn ẹ̀gbọ́n mi nílé a máa pè mí ní Ohùn Bàbá, ṣùgbọ́n Àǹtí ní irú ohùn yẹn gan-an ni òun ń wá. Inú mi dùn débi pé mò ń kọ ọ́ nídìí ẹ̀rọ omi, mò ń kọ ọ́ nínú balùwẹ̀, mò ń kọ ọ́ bí mo bá ń ro láfún.

Mò ń kọ ọ́ ní Ìtòkú náà. Àlàájà Sàfú, tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìyá mi, gbé ojú kúrò lára aṣọ tó ń ṣẹ́, ó wò mí títí. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, níbo lẹ jọ ń lọ?" Mo ní, "Ọ̀run ni, mà." Àlàájà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní bí a bá débẹ̀, ká bá òun kí wọn. Mo rò pé nítorí pé mùsùlùmí ni, tí kò mọ orin wa, ló ṣe ń rẹ́rìn-ín. Mo tilẹ̀ ṣàánú rẹ̀.

Ọjọ́ pé. A wọ aṣọ funfun, a dé fìlà dúdú pẹlẹbẹ. Ìyá mi jókòó níwájú pẹ̀lú gèlè tó ga ju ti gbogbo ènìyàn lọ, nítorí ọmọ rẹ̀ ló ń lé orin. Dùùrù dún. Mo gbórí sókè, mo sì gbé e.

Ẹ̀yin náà gbọ́ Yorùbá, ẹ gbà mí. Ohùn òyìnbó yẹn kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wa gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Gbọọrọ ló ń lọ, ọ̀rọ̀ wa sì bá a lọ gbọọrọ. Ohun tí a rò pé à ń kọ ni pé ọkọ̀ wa ti dé. Ohun tí ìjọ gbọ́, lẹ́nu àwọn ọmọbìnrin tí èyí tó dàgbà jù nínú wọn kò tíì jáde ìwé mẹ́wàá, ni pé: "Ọkọ mi ti dé, mo ti ṣe tán, n ó bá a lọ, n kò ní wẹ̀yìn." Níwájú àwọn ìyá wa. Lọ́jọ́ àwọn ìyá.

Ẹ̀yìn ni ẹ̀rín ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí àwọn géńdé máa ń jókòó sí. Wọ́n kọ́kọ́ fi ikọ́ bò ó. Àwọn ìyá fi etí ìborùn dí ẹnu. Àwa rò pé ẹ̀mí ló gbé wọn, a túbọ̀ gbé ohùn sókè. Nígbà tí a dé ẹsẹ kejì, níbi tí orin ti ní kí wọ́n bá mi palẹ̀ ẹrù mi mọ́, ẹnì kan dáhùn lẹ́yìn pé, "Ẹ bá a dì í o." Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì bú sẹ́rìn-ín. Mo wo ìyá mi. Gèlè rẹ̀ ṣì ga, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yé mi, tí ara mi gbóná láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé orí. Mo kọ ọ́ parí nítorí pé Àǹtí Rẹ̀mí kò sọ ọwọ́ tó fi ń darí wa kalẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìn, Bàbá Ìjọ pe ìpàdé. Àwa ọmọ kóra jọ sábẹ́ fèrèsé, à ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní ọmọ tí kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń fọ ìkòkò láfún ló ń kọrin ọkọ nílé Ọlọ́run. Ìyá kan bọ́ sí i, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Ohun tó bá ń dun ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ẹni tí kò rí ọkọ fẹ́ ló kọ orin ọkọ." Àǹtí wà níbẹ̀ nígbà tó sọ ọ́. Alùfáà bẹ̀bẹ̀ fún wa títí, Bàbá Ìjọ wá dájọ́ pé a kò ní dúró kọrin mọ́ títí di Ìkórè. Lọ́jọ́ Ìkórè, a lè kọ orin kan ṣoṣo. "Bí ẹnikẹ́ni nínú ìjọ yìí bá sì rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, ẹgbẹ́ akọrin ọmọbìnrin tán nìyẹn. Kálukú á lọ jókòó ti ìyá rẹ̀."

Mo sunkún délé. Ẹ̀rín yẹn dùn mí, àmọ́ kì í ṣe òun ló pa mí lẹ́kún. Ìyá mi ti sọ pé bí ẹgbẹ́ bá tú, n ó máa bá òun jókòó ní Ìtòkú ní gbogbo Sátidé títí ọjà yóò fi tú, ọ̀rọ̀ sì parí. Iṣẹ́ kò burú, mo fẹ́ràn àdìrẹ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò tún máa bi mí pé níbo ni mò ń lọ? Bọ́láńlé ní kí n má sunkún mọ́, òun náà sì ń sunkún bó ṣe ń sọ ọ́.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, tẹ̀rù-tẹ̀rù la fi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. A rò pé Àǹtí kò ní wá. Ó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Kò jẹ́ ká wọlé, ó ní ká máa tẹ̀ lé òun. À ń lọ, kò sí ẹni tó bèèrè, àfi ìgbà tí a bá ara wa ní Láfẹ́nwá, lórí afárá odò Ògùn. Ó ra gúgúrú àti ẹ̀pà fún wa. Nísàlẹ̀, apẹja kan ń wa ọkọ̀ rẹ̀ bọ̀ sétí omi. Àǹtí nawọ́ sí i, ó ní, "Kí nìyẹn?"

A ní, "Ọkọ̀ ni, mà."

"Ẹ tún un pè. Ẹ má kọ ọ́ lórin, ẹ kàn pè é."

"Ọkọ̀."

"Ṣé ẹ gbọ́ bó ṣe sọ̀ kalẹ̀? Ìsàlẹ̀ lomi wà. Bí ẹ bá gbé e sókè, ẹja wo ni ẹ fẹ́ fi pa?"

Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni ọkọ̀ ojú irin fọn fèrè lọ́ọ̀ọ́kán, ó bọ́ sórí afárá tirẹ̀, ilẹ̀ ń mì tìtì, èéfín ń rú, inú wa sì dùn kọjá ààlà. Gbogbo wa ń pariwo mọ́ ọn, "Ọkọ̀, ọkọ̀, ọkọ̀," Àǹtí ń fi ọwọ́ darí wa bí ẹni wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn èrò inú rẹ̀ sì ń juwọ́ sí wa láìmọ̀ pé ẹ̀kọ́ orin ni wọ́n gbà kọjá.

Ẹ̀yin náà kọ́ ọ nílé ìwé: dò fún ìsàlẹ̀, re fún àárín, mí fún òkè. Ọkọ̀ tí à ń wọ̀, re dò ni. Ọkọ́ tí à ń fi roko, re mí ni. Ọkọ tí à ń fẹ́, re re ni, gbọọrọ, kò sókè, kò sódò. Àǹtí ní ìdí rẹ̀ nìyẹn tí kò fi yẹ kéèyàn sáré wọ̀ ọ́. A rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti Ọjọ́ Àìkú. Ó wá sọ fún wa pé òun ló ṣì í, kì í ṣe àwa. Ó ní ẹ̀wù tí wọ́n rán fún ọmọ ẹlòmíì ni òun gbé wọ ọ̀rọ̀ Yorùbá, ó sì fún un lọ́rùn. "Láti òní lọ, ọ̀rọ̀ ni yóò máa lọ níwájú, orin á máa tẹ̀ lé e. Ẹ ó sọ ọ́ kí ẹ tó kọ ọ́."

Báyìí la ṣe fi gbogbo ìgbà òjò ọdún yẹn wá ohùn tuntun fún orin wa. Wọn kò gbà wá nínú ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí náà abẹ́ igi máńgòrò ilé Àǹtí la ti ń ṣe é. Ó sọ ọ́ di eré. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ mí, a ó nà ró ṣánṣán; bó bá jẹ́ re, a ó tẹ̀ díẹ̀; bó bá jẹ́ dò, a ó lóṣòó. Ẹ wá wo àwọn ọmọbìnrin tó ń dìde, tó ń lóṣòó, tó ń dìde, lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, tí ẹ̀yìn ń ro wọ́n, tí wọn kò sì fẹ́ lọ sílé. Ẹni tó bá lóṣòó níbi tó yẹ kó dìde, yóò fò bí ọ̀pọ̀lọ́ yí igi máńgòrò ká. Mo mọ gbogbo gbòǹgbò igi yẹn dáadáa. Bí ó bá di ọjọ́ ọjà, Àlàájà Sàfú ni adájọ́ mi. N ó kọ ìlà kan, n ó dákẹ́, òun á sì sọ ohun tó gbọ́. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ ní, "Ọkọ̀ ni mo gbọ́, ọkọ̀ tí wọ́n ń wọ̀," mo fò sókè, mo da ìko ìyá mi nù sílẹ̀, mo sì kúnlẹ̀ ojú sí ògiri pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu.

Nígbà tí Ìkórè kù sí dẹ̀dẹ̀, Àǹtí mú ẹsẹ kẹta wá. Ó kà á fún wa:

Ọkọ́ ni kí o kọ́kọ́ fún mi, Bàbá,
Kí n fi roko ayé mi;
Ọkọ̀ ni kó má fi mí sílẹ̀
Lọ́jọ́ tó bá gúnlẹ̀ sétí odò;
Ní ti ọkọ, Bàbá, má kánjú,
Mo ṣì ń kàwé mi lọ́wọ́.

A bẹ̀ ẹ́ pé kó yọ ọ́. Bọ́láńlé ní, "Àǹtí, ẹ ṣàánú wa. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì tú wa ká." Àǹtí ní òun mọ̀. Ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ kan sí òun nínú ìpàdé ni ọ̀rọ̀ náà ti ń jẹ òun nínú, òun kò sì fẹ́ kó di egbò, ìdí nìyẹn tí òun fi gbé e fún Ọlọ́run nínú orin. "Kò sí irọ́ nínú rẹ̀. Bí ẹ bá kọ ọ́ re, wọ́n á gbọ́ ọ re." A kò lè jiyàn. Ṣùgbọ́n mi ò purọ́ fún yín, ẹ̀rù bà mí débi pé mo ń jẹ láfún kù.

Ọjọ́ Ìkórè dé. Wọ́n ti so ìrèké mọ́ gbogbo òpó ṣọ́ọ̀ṣì, iṣu wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń rùn dídùn, adìẹ tí wọ́n dè lẹ́sẹ̀ ń dá alùfáà lóhùn nínú àdúrà. Bàbá Ìjọ jókòó níwájú pátápátá, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí ọ̀pá rẹ̀, ó ń wò wá gẹ́gẹ́ bó ṣe ṣèlérí. Nígbà tí wọ́n pè wá, a kò lo dùùrù. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ nìkan ni Bọ́láńlé gbé dání. Mo rí àwọn géńdé ẹ̀yìn tí wọ́n ti ń fìgbọ̀nwọ́ gún ara wọn, tí wọ́n ti pọn ẹ̀rín sẹ́nu. Mo gbórí sókè, nítorí orin kò sí nílẹ̀.

"Ọkọ̀ mi ti dé." Ó sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀yin ará, ó sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́ bí ọkọ̀ apẹja Láfẹ́nwá. Ẹ̀rín kú sí àwọn géńdé lẹ́nu. A kọ ẹsẹ kìíní, a kọ èkejì, àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí, wọ́n ń gbè é lábẹ́lẹ̀, nítorí orin tó bá bá ọ̀rọ̀ lọ kì í ṣòro í gbè. Lẹ́yìn náà la bọ́ sí ẹsẹ kẹta. Ọkọ́ gòkè. Ọkọ̀ sọ̀. A wá dé orí ọkọ. "Ní ti ọkọ, Bàbá, má kánjú, mo ṣì ń kàwé mi lọ́wọ́."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀yìn, kì í ṣe ẹ̀rín abẹ́ ìborùn. Ẹ̀rín àgbà ni, kèékèé, tó ń mú ọ̀pá gbọ̀n. Mo wò yíká láti mọ ẹni tó bà wá jẹ́. Bàbá Ìjọ ni. Ó ń rẹ́rìn-ín tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò lè dá a dúró, gbogbo ìjọ ń wò ó, kò sí ẹni tó gbọdọ̀ bá a rẹ́rìn-ín nítorí òfin tí òun tìkára rẹ̀ ṣe. Ó fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dìde. Ó ní, "Mo sọ pé bí ẹnikẹ́ni bá rẹ́rìn-ín, kí a tú wọn ká. Èmi ni mo rẹ́rìn-ín. Ó dáa, ẹ tú èmi ká." Ìgbà yẹn ni ilé tó wó. Ó dúró títí ẹ̀rín fi lọ sílẹ̀, ó kọjú sí Àǹtí Rẹ̀mí, ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n tún un kọ. Ti ọkọ́ yẹn ni mo fẹ́ gbọ́ dáadáa."

A tún un kọ. Ìyá mi dìde jó, gèlè rẹ̀ bọ́, kò sì mọ̀. Nígbà tí wọ́n ń lu gbànjo àwọn nǹkan Ìkórè, ọkọ́ tuntun kan wà láàárín wọn, Bàbá Ìjọ kò sì jẹ́ kí ẹlòmíràn rà á mọ́ òun lọ́wọ́. Ó gbé e fún Àǹtí Rẹ̀mí níwájú gbogbo ènìyàn. Ìyá tó sọ̀rọ̀ nínú ìpàdé lọ́jọ́ kìíní ni ó kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́, kí a má parọ́ mọ́ ọn.

Ẹ ó fẹ́ mọ̀ bóyá ọkọ dé. Ó dé. Àǹtí ní kó má kánjú, kò sì kánjú lóòótọ́. Àwa ọmọ ẹgbẹ́ ti ń dá bùbá rán fúnra wa nígbà tí a kọrin níbi ìgbéyàwó rẹ̀. Ènìyàn dáadáa ni ọkọ náà. Ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni Ọlọ́run pè é, a sì kọrin fún òun náà.

Lónìí, ìsọ̀ ìyá mi ní Ìtòkú ti di tèmi, mo sì mọ ìṣirò. Bọ́láńlé tó ń ka ara ògiri ti di ọ̀gá ilé ìwé. Èmi ni mò ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin lórin ní ṣọ́ọ̀ṣì kan náà báyìí, ṣùgbọ́n ayé ti yí. Nígbà tiwa, ìwé orin kan ni àwa mẹ́ta ń wò. Nísinsìnyí, wọ́n ń fi iná kọ ọ̀rọ̀ orin sára ògiri, gàgàrà, láìsí àmì ohùn kankan lórí rẹ̀. Kíìbọọ̀dù wà, gbohùngbohùn wà, orin ti dé orí fóònù wọn kí n tó mú un dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọmọbìnrin kò tún bẹ ẹnikẹ́ni kó tó wọ aṣọ akọrin, inú mi sì ń dùn sí ìyẹn lójoojúmọ́. N kò lè ní kí wọ́n fò bí ọ̀pọ̀lọ́, àwọn òbí wọn á pè mí lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n mo máa ń ní kí wọ́n sọ ọ́ kí wọ́n tó kọ ọ́. Wọ́n á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín mi, wọ́n á wá sọ ọ́.

Ní Ìkórè tó kọjá, orin Àǹtí ni a fẹ́ kọ. Mo ti sọ fún un pé kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, nítorí orúnkún rẹ̀ kò gbà á mọ́, ara rẹ̀ kò sì le ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, bí mo ṣe ń to àwọn ọmọ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, fóònù mi dún. Àǹtí ni. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ ọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Ohun tó tẹ̀ ni pé: "Oko mi ti de. Mo ti se tan."

Kò sí àmì kankan. Bó bá jẹ́ re re ni, ọkọ rẹ̀ ti wà ní ibojì. Bó bá jẹ́ re dò ni, ẹ̀yin náà mọ ibi tí ọkọ̀ inú orin yẹn ń lọ. Mo pè é kíá. Mo ní, "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ kí n gbọ́."

Kò sọ ọ́. Ó kọ ọ́ lórin. Ohùn rẹ̀ ti di ti arúgbó, ṣùgbọ́n kò ṣì í: re dò, ó sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́. Omi lé rogodo sí mi lójú. Ni mo bá gbọ́ fèrè mọ́tò lẹ́yìn rẹ̀, pé-é-pé, tí ohùn Bọ́láńlé sì ń sọ pé kí Àǹtí rọra gbé ẹsẹ̀ sínú ọkọ̀.

Àǹtí bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìwọ náà, èwo lo rò? Ọkọ̀ ayé ni o, bíi ti Láfẹ́nwá, kì í ṣe ti òkè. Sọ fún àwọn ọmọ yẹn kí wọ́n má tíì gbé orin. Mò ń bọ̀ wá gbọ́ bóyá wọ́n á jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀."